Wọ́n Tan Fáànù sí Kọnkéré Mi

Màmá rẹ tan fáànù sí kọnkéré mi! Jókòó, má tíì dá mi lóhùn, jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Èmi bíríkìlà tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀ níṣẹ́, mo da kọnkéré sẹ́nu ọ̀nà ìyá ìyàwó mi, mo fi àpò tútù bò ó, mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ má ṣí i." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìgbà tí mo padà débẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti ká àpò, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n sá a sórí okùn bí aṣọ, fáànù wá dojú kọ kọnkéré, ó ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ní omi ti pọ̀ jù lára rẹ̀, òtútù ń mú un, kó yáa gbẹ.

Ṣé ọmọ tuntun ni?

Kí lo wí? Pé wọn ò mọ̀? Mo mà ṣàlàyé. Ǹ bá fi iyanrìn yí i ká kí n rọ omi lé e lórí kó dúró, àmọ́ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣebí o mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi lo àpò. Omi yẹn ni sìmẹ́ǹtì máa ń mu díẹ̀díẹ̀ tó fi ń le. Tó bá tètè gbẹ, agbára rẹ̀ ò ní pé, kò sì ní tọ́jọ́. Màmá ò gbà. Lójú tiwọn, ohun tó bá ti gbẹ ti le nìyẹn.

Èyí tó wá dùn mí jù, ó ti ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, tí wọ́n bá gbá a, lẹ́búlẹ́bú ló ń bọ́ lójú rẹ̀, Màmá sì ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọkọ ọmọ àwọn ṣahun sìmẹ́ǹtì. Èmi kẹ̀? Ọlọ́run ń gbọ́, mi ò ṣahun rárá, torí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yọ̀ ṣubú nínú ẹrẹ̀ kí n tó da kọnkéré sí i, èmi ni mo gbé wọn dìde, ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ gbé wọn bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

Ó dáa, gbọ́. Mà á fọ́ ọ, mà á da òmíì. Àmọ́ ìwọ lo máa lọ mú wọn wá sọ́dọ̀ wa títí tó fi máa le dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sùn ní yàrá wa, mà á sùn ní pálọ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, sọ fún wọn pé àwọn gan-an ni mà á fi àpò tútù bò, tí mà á máa wọ́n omi sí.

Háà, má rẹ́rìn-ín, má sọ ìyẹn fún wọn o. Ti pé kí wọ́n wá sùn sílé wa nìkan ni kó o sọ.