Àga Tí Kò Ṣẹ́

Láyé owó epo, bí mo ṣe ń dúró de bọ́ọ̀sì lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ oníke kan n'Ísọlọ̀, mo gbọ́ tí òṣìṣẹ́ kan ń ròyìn fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ní àga ike tá a po òwú dígí, fáíbà tó ń mú ike le, mọ́ kò lè ṣẹ́."

"Ó ṣẹ́ ni?"

"Kò ṣẹ́. Inú oòrùn ni bàbá àfẹ́sọ́nà mi jókòó sí lórí ẹ̀. Ike gbóná, ó wá ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀ lèmi náà ń lọ sílẹ̀, kí n má baà ga ju àna mi lọ. Kí ìdí wọn tó kanlẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní àwọn ò rí ọmọ tó mọyì àgbà báyìí rí."

"Àga ńkọ́?"

"Wọ́n dìde tán ló wá ń nàró díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ò mọwọ́mẹsẹ̀."