"A Dúpẹ́" Nìkan Ni Mo Túmọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Láti ìgbà tí ìjọba ti bodè pa ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, n kò sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi pàápàá. Àmọ́ àwọn oníròyìn tí mo ṣe ògbufọ̀ fún nígbà náà tún pè mí lánàá, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Láti àná, bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mò ń lọ.

Tíṣà ni mí ní Ìlaròó, mo sì máa ń na ọmọ tó bá purọ́. Nígbà tí bodè wà ní títì, oníròyìn mẹ́ta wá láti Àbújá. Ọ̀rọ̀ òwò àárín orílẹ̀-èdè ni iṣẹ́ tiwọn. Ìbéèrè ńlá ni wọ́n gbé wá: ṣé orílẹ̀-èdè tó bá tilẹ̀kùn mọ́rí lè bọ́ ara rẹ̀? Wọn kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n ní kí n máa túmọ̀.

Mo mú wọn lọ sí Agóṣásà lẹ́bàá bodè, sọ́dọ̀ àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi. Wọ́n bi í bí nǹkan ṣe rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: bí ilé àgbàlagbà tilẹ̀ ń jó, tí àlejò bá kí i, ọpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ dá. Bàbá ní, "A dúpẹ́ o. Kò burú." Mo túmọ̀ ìyẹn. Ojú wọn tàn, wọ́n ń kọ ọ́ wàràwàrà.

Bàbá wá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ṣùgbọ́n tòmátì mi ti jẹrà sóko. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Kútọnu, n ò tíì fojú kan ọmọ náà."

Ẹ jọ̀ọ́, n kò túmọ̀ èyí. Mo ti rí i pé ti àkọ́kọ́ ló dùn mọ́ wọn, mo sì fẹ́ kí wọ́n tún máa pè mí. Mo ní Bàbá ń kí wọn kú àbọ̀ ni.

Ìròyìn jáde pẹ̀lú àwòrán rẹ̀: inú àgbẹ̀ ẹnubodè ń dùn pé ìjọba ti bodè. Àwọn ará mọ́ṣáláṣí rẹ̀ kò dá a lóhùn mọ́. Bàbá wá bá mi níléèwé.

"Ọmọ mi, kí ni mo tiẹ̀ sọ fáwọn èèyàn yẹn?"

Mo ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n gbé jáde náà lẹ sọ."

Ó gbà mí gbọ́. Ó ní ogbó ló dé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó dìde láàárín jàmáà, ó tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ tí kò ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Bodè ti ṣí báyìí. Bàbá kan náà ni wọ́n tún fẹ́ bá sọ̀rọ̀, èmi náà ni wọ́n sì ní kí n túmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún, àwọn ni àbí Bàbá? Mo ṣì máa ń pàdé rẹ̀ lọ́jà. Tí mo bá kí i, á ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi." N kì í dúró gbọ́ ìyókù.