Ohun Tí Mo Ṣe sí Ọkọ̀ Orrin Haskell

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ẹ́ńjìnnì ara yín níta, ẹ dé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo pè yín sí lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ táyà, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ epo tó wọ́n. Ìdọ̀tí inú mi ni mo fẹ́ dà sílẹ̀ lójú yín. Èmi Leland Wojcik, tí ẹ fi ṣe alága ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ alágbára ìlú Flint yìí, èmi ni mo ba ọkọ̀ Orrin Haskell jẹ́. Ẹ má tíì lanu. Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ti ọkọ̀ yẹn ló kéré jù níbẹ̀.

Ẹ mọ bí èmi àti Orrin ṣe jẹ́. Ilé iṣẹ́ kan náà la ti ń to ọkọ̀ láti ìgbà tí irùngbọ̀n wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Nígbà tí Marguerite ìyàwó rẹ̀ bí Corinne, èmi ni mo gbé ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, èmi ni bàbá ìsàmì rẹ̀. Ọkọ̀ Chevelle aláwọ̀ búlúù yẹn ni Orrin fi ń gbé Marguerite jáde nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Lẹ́yìn tí obìnrin náà sì kú, ẹ rí i bí ó ṣe máa ń fọ ọkọ̀ ọ̀hún bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn! Bí ó bá ń kọjá ní òpópónà Saginaw, ife á máa mì lórí tábìlì. Nígbà tí àròyé ọkọ̀ alábátìrì tí kì í mu epo wá bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ jù. Mo ní ọkọ̀ tí kì í kùn, òkú ni. Mo ní ẹni tó bá gbé bátìrì sínú ọkọ̀ àtijọ́, ẹni náà ti yọ ọkàn bàbá rẹ̀ ni. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi wú. Ká sọ òótọ́, ilé iṣẹ́ tí a ti lo ìgbà èwe wa ń lé àwọn ọmọ wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́, inú ń bí wa, a ò rẹ́ni bú, la bá ń bú ọkọ̀ tí kò lẹ́nu láti dáhùn.

Oṣù Kẹjọ ọdún tó kọjá, níbi àpéjọ wa ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́, a ń jẹ sọ́sééjì lọ́wọ́ nígbà tí Chevelle yẹn yọ láìdún. Láìdún, ẹ gbọ́! Táyà rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Mo rò pé búrẹ́kì ọkọ̀ náà ló já tó ń yí bọ̀ fúnra rẹ̀, mo ti fẹ́ sáré lọ dì í mú. Orrin yọrí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Leland, má yọra ẹ lẹ́nu, kò já. Ọmọ ẹ ló tún un ṣe.” Corinne, tó kọ́ iṣẹ́ rewáyà, ti yọ ẹ́ńjìnnì, ó ti fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná àti bátìrì rọ́pò rẹ̀. Mo ní, “Orrin, kí lo ṣe fún mi yìí?” Ó ní, “Fún ẹ kẹ̀? Ọkọ̀ ta ni? Wá, jẹ́ ká sáré, kí ojú ẹ lè là.” A sáré. Kí n tó bọ́ sí jíà kejì, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Ìwọ Dewey, o ò lè gbàgbé, ìwọ lo pariwo pé, “Alága, sáléńsà yín ń bú ramúramù, àmọ́ eruku lẹ̀ ń jẹ!” Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi ń hó bí omi rédíétọ̀. Ẹ wo nǹkan tí mo torí ẹ̀ ṣìkà: ẹ̀rín lásán, láti ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Orrin àti Corinne wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sílé wọn. Kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí tèmi náà ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojúmọmọ ni. Aládùúgbò kan tiẹ̀ juwọ́ sí mi, mo juwọ́ padà. Ta ni yóò fura sí mi? Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ọmọ náà sì bà mí lẹ́rù. Wáyà tò tẹ̀léra bí irun tí wọ́n fara balẹ̀ dì. Gbogbo nọ́ọ̀tì tó dì le ló fi ọ̀dà funfun sàmì sí, kí ó lè mọ̀ pé òun ti ṣe é tán. Mo tú ọ̀kan nínú wọn, èyí tó so wáyà mọ́ bátìrì. Ọlọ́run gbọ́, ohun tí mo fẹ́ ni kí ọkọ̀ náà kú sójú títì kí ẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́. N kò fẹ́ iná. Ṣùgbọ́n ẹni tó tú okùn ẹran kọ́ ló máa yan oko tí ẹran yóò wọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, Corinne ń gba iná sí bátìrì lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ náà gbiná. Fọ́tò ìyá rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, ọmọ náà sì ki ọwọ́ bọ iná láti mú un. Fọ́tò jó, apá ọ̀tún rẹ̀ náà jó. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti di aṣọ funfun mọ́ ọn lápá, àwọn panápaná ti ń ká rọ́bà wọn. Mo dúró, mo ń wo eérú. Orrin dì mí lápá, ó ní, “Leland, ojú ẹ mọ ọkọ̀ ju tèmi lọ. Bá mi wò ó. Kí ló fà á?” Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rí nọ́ọ̀tì tí mo tú, ó ti dúdú, mo sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ rì mọ́ ẹrẹ̀. Mo ní, “Níbi tí wáyà ti pàdé ni. Wọn ò dì í le.” Corinne súnmọ́ wa. Ó ní, “Mo dì í le, Bàbá Leland. Mo fi ọ̀dà sàmì sí i. Ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́.” Mo wo ojú ọmọ tí mo gbé lọ́jọ́ ìsàmì, mo ní, “Ọmọ mi, kò sẹ́ni tí kì í gbàgbé nǹkan.” Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́! Bí ẹni ń tu ọmọ nínú! Orrin kò pariwo. Ó kàn ní, “Ohun tó kù fún mi lára ìyá ẹ lo fi jóná yẹn. Má tẹ ilé mi mọ́.” Ọmọ náà kó lọ sí ìlú Toledo. Kò fọwọ́ kan wáyà mọ́. Ó ń di ẹrù sínú páálí nílé ìkẹ́rùsí kan.

Ẹ dákẹ́, mi ò tíì débẹ̀. Nígbà òtútù, wọ́n dá Orrin dúró sí ọsibítù, wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú. Mo rò pé ìbànújẹ́ ló dá a wólẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kú, ó ní kí n súnmọ́ òun. Ó ní, “Leland, láti kékeré ni ọmọ yẹn kì í gbàgbé nǹkan. Ṣé ó dá ẹ lójú pé òun ni?” Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, orúkọ Corinne ti wà lójú rẹ̀, ó kù kí ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi. “Rárá” péré ni ǹ bá sọ, ì bá sì tó. Mo ní, “Ó dá mi lójú.” Orrin dojú fóònù náà dé orí bẹ́ẹ̀dì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú. Mo jókòó, mo ń wo ẹnu ara mi nínú gíláàsì fèrèsé, ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹnu mi náà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí à ń jẹun ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bi Corinne, bí ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, pé, “Kí ló tiẹ̀ dé tí o fi yọ ẹ́ńjìnnì yẹn?” Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, “Àbí ẹ ò mọ̀ ni? Ẹ̀dọ̀fóró Dádì ti bàjẹ́ tipẹ́. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ fa èéfín ọkọ̀ símú mọ́. Wọ́n ti fẹ́ ta Chevelle, wọ́n ń sunkún bí ọmọdé. Mo ní wọn ò ní tà á, màá ṣe é tí kò fi ní rú èéfín. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín, torí tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ ò ní bá wọn sáré dójú àmì mọ́, ẹ óò máa ṣàánú wọn.” Ẹni tí mo kà sí ọ̀dàlẹ̀, èémí ló ń wá. Ó wù ú kó ṣẹ́gun mi lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ, ohun tí mo sì torí ẹ̀ sọ ọ́ di aláìlọ́mọ nìyẹn.

Láàárọ̀ àná, mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ohun tí òfin bá fi mí ṣe, mo gbà. Ẹ wá alága mìíràn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn wa, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má fẹ́ràn ọkọ̀ yín. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ yín bá yí padà lójú yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Ṣé kò sí?” kí ẹ tó bínú. Èmi ò bèèrè.

Corinne, mo rí ọ nídìí ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, má lọ. Mi ò ní kí o dá mi lóhùn lónìí, mi ò sì ní kí o dárí jì mí nítorí pé àwọn èèyàn ń wò ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí mo jẹ̀bi pé mi ò sọ nígbà tí bàbá rẹ lè gbọ́ ọ. Ọmọ mi, o dì í le. Gbogbo wọn pátá lo dì le.