Ẹ̀dọ̀ Sẹ̀nàmì Kò Ṣàìsàn Rí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ohun tí ojú mi rí ní Sátidé tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra mọ́.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Àgbádárìgì nígbà náà. Ẹsẹ̀ ń dun Sẹ̀nàmì, ọmọ mi kan ṣoṣo, Màmá sì ń se àgbo fún un. Mo mú ọmọ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ rẹ̀, èròjà kan tó ń bá ara ṣiṣẹ́, ti ga jù.

Mo délé, mo da ìkòkò àgbo nù. Mo ní, "Màmá, ẹ̀dọ̀ ọmọ mi lẹ ń jẹ. Ẹ kó ẹrù yín." Ọkọ mi gbà mí gbọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìyá rẹ̀ padà sí ilé wọn ní Ìwóró.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dókítà wo èsì náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀dọ̀ ń ṣe irú ẹ́ńsáìmù yẹn, egungun náà ń ṣe tirẹ̀, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Ó ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹ̀ wò, kí wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí èsì dé, ti egungun ló pọ̀.

"Ìyá Sẹ̀nàmì, ọmọ yín ń ga ni! Ẹ lọ ra yúnífọ́ọ̀mù tuntun."

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ìtìjú kọ́. Ọmọ mi ti di tèmi nìkan, ó sì dùn mọ́ mi. Bí Màmá bá pè, tí wọ́n béèrè pé, "Ìyàwó, ẹ̀dọ̀ ọmọ ń kọ́?" èmi a ní, "A ṣì ń ṣọ́ ọ, Màmá." Wọ́n ti gbà pé àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ. Wọn kì í gbé ọmọ aládùúgbò mọ́ pàápàá.

Ní Sátidé, a lọ kí wọn, nítorí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n rọra dìde, wọ́n bu omi fún Sẹ̀nàmì. Ọmọ náà fi ọwọ́ sẹ́yìn.

"Rárá o, Ìyá àgbà. Ẹ̀dọ̀ mi."

"O ṣeun, ovi ṣie," ìyẹn ọmọ mi, ní èdè Ẹ̀gùn. "Má mu ún. Èmi ni mi ò ronú."

Wọ́n da omi náà nù fúnra wọn. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n.

Bí mo bá sọ òtítọ́, ọkọ mi lè lé mi, ọmọ mi kò sì ní gbà mí gbọ́ mọ́ láé. Bí n kò bá sọ ọ́, Màmá yóò kú pẹ̀lú èrò pé apànìyàn ni àwọn. Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn, nítorí apá kan nínú mi ń retí pé kí wọ́n kú kí ẹ tó dáhùn.