Bí Olúwa Ṣe Yọ Mí Lọ́wọ́ Ìlara Tí Mò Ń Ṣe Sí Tósìn

Ẹ bá mi gbé orúkọ Jésù ga! Ẹ tún un gbé! Ó fà mí yọ nínú iná, kò jẹ́ kí n jó. Ọba tó rí inú, tó rí òde, ẹ ṣé o!

Orúkọ mi ni Arábìnrin Fúnmiláyọ̀. Ẹgbẹ́dá níbí ni mò ń gbé. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni mò ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé. Tèmi ni kí n kọ àlàyé bí wọ́n ṣe ń lo àwọn irinṣẹ́ wa. A ní irinṣẹ́ kan tó ń yẹ kóòdù wò, tó ń sọ ibi tí àṣìṣe wà ká tó gbé e síta. Mo kọ àlàyé rẹ̀, gbogbo ọ́fíìsì ń lò ó, wọ́n ń yìn mí. Ògo ni fún Ọlọ́run!

Ni ọ̀gá wa bá ní àwọn ejẹ́ǹtì AI ni yóò máa lo irinṣẹ́ yẹn báyìí. Kì í ṣe ejẹ́ǹtì ilé o! Ẹ̀rọ ni wọ́n, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí a kọ, tó sì ń dá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n kọ àlàyé tí wọ́n á máa tẹ̀lé. Ó wá fa irinṣẹ́ mìíràn lé Tósìn lọ́wọ́, kí òun náà kọ tiẹ̀.

Tósìn! Ọmọbìnrin tó bá mi níbẹ̀. Èmi ni mo fi ibi tó máa jókòó sí hàn án. Àwọn ejẹ́ǹtì ka tiẹ̀, wọ́n ṣe é bó ṣe yẹ. Wọ́n ka tèmi, wọ́n ń ṣe ségesège. Ọ̀gá á kọjá lára mi, á lọ dúró lẹ́yìn àga Tósìn: "Tósìn, o káre! Ẹ wá wo bó ṣe kọ ọ́." Ẹ̀yin ará, ó ń ta mí bí ata. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo rò pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Bó bá wọ aṣọ tuntun, màá ní ta ló ń ṣe é fún. Àní mo ń jowú pé òun ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tiẹ̀! Màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé, orúkọ rẹ̀ ni màá máa kùn lẹ́nu.

Orí ń fọ́ mi. Mo lọ sí ọsibítù kan ní Ìdímù. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó wojú mi. "Ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ru, mà. Kí lẹ ń rò?" Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé wọ́n yin ọmọ kan? Mo ní, "Iṣẹ́ ni, dókítà."

Ibi tó wá burú sí nìyí. Ejẹ́ǹtì kan tẹ̀lé àlàyé mi, ó jẹ́ kí kóòdù kan tó ní àṣìṣe kọjá. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, àwọn òbí ilé ìwé kan ṣí fóònù wọn, èsì ìdánwò ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n ń rí! Ìyá kan pè, ó ń pariwo: "Ọmọ mi ń sunkún, wọ́n ní ó fìdí rẹmi!" Ọ̀gá pè mí wọlé. "Fúnmi, bí o ò bá tún èyí ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, Tósìn ló máa gbà á. Mi ò sì mọ iṣẹ́ tí màá tún fún ẹ."

Tósìn ló máa gbà á! Ìyẹn dùn mí ju iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ.

Mo délé, mo ń sunkún. Ọkọ mi ní, "Tósìn yìí, ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe àbí kò mọ̀ ọ́n ṣe?" Mo ní ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní, "Lọ bá a, jàre." Mo ní mi ò lọ. Mo kúnlẹ̀ gbàdúrà: "Olúwa, bá mi ṣe é, má ṣe jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀." Ẹ gbọ́ àdúrà o! Ohun kan ṣoṣo tó ń wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n dìde, kí n lọ sí Ìgàndó. Ìgàndó ni Tósìn ń gbé.

Nígbà tí a ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo lọ. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀. "Háà, Àǹtí Fúnmi! Ẹ káàbọ̀, mà. Ṣé kò sí o?" Mo gbé kọ̀ǹpútà mi fún un. Ó ka àlàyé mi títí, ó dúró síbì kan tí mo ti kọ ọ́ pé: "Bí àṣìṣe bá kéré, jẹ́ kó kọjá."

"Àǹtí, kéré báwo? Ṣé kí wọ́n ka iye rẹ̀ ni, àbí kí wọ́n wo ohun tó lè bàjẹ́?"

Mo ní, "Ṣebí gbogbo wa la mọ ohun tó kéré ní ọ́fíìsì wa."

"Àwa mọ̀ ọ́n, mà. Ejẹ́ǹtì ò mọ̀ ọ́n. Ó rí àṣìṣe ẹyọ kan, ó ní ẹyọ kan kéré. Ẹyọ kan yẹn ló da èsì àwọn ọmọ rú."

Yéè! Ó tún dùn mí pé òun ló rí i! Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, òtítọ́ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n mo jókòó. A jọ tún un kọ. Àṣìṣe tó lè kọjá, a dárúkọ rẹ̀. Èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá láé, a dárúkọ ìyẹn náà. Ibi tí kò bá sì ti dá ejẹ́ǹtì lójú, kó dúró, kó pe ènìyàn.

Ní ọ́fíìsì, a gbé kóòdù burúkú ọjọ́sí fún ejẹ́ǹtì náà. Gbogbo wa ń wò ó. Ó kọ ọ́ síta pé: "Mi ò lè jẹ́ kí èyí kọjá. Ó lè fi èsì ọmọ kan han òbí ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí ènìyàn wò ó." Halelúyà! Ọ́fíìsì hó yèè! Ọ̀gá gbá mi léjìká: "Fúnmi! Ìwọ lo kọ èyí?"

Ẹ̀yin ará, mo ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tósìn ń wolẹ̀. Mo ní, "Èmi àti Tósìn ni, sà. Òun ló rí ibi tó ti bàjẹ́." Bó ṣe jáde lẹ́nu mi báyìí, nǹkan tó wúwo láyà mi já bọ́. Mo sùn àsùnhanrun lọ́jọ́ yẹn!

Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ mi. Èsì àwọn ọmọ ti bọ́ sípò. Olúwa, mo dúpẹ́! Mo dúpẹ́ o! Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: ní Mọ́ńdè tó kọjá, ọ̀gá kí Tósìn kó tó kí mi, nǹkan kan tún gún mi láyà. Mo ní, "Jésù, gbà á lọ́wọ́ mi," mo sì dojú kọ iṣẹ́ mi.

Bí ẹnìkan bá wà níbí tí ojú rẹ̀ máa ń korò bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹnìkejì rẹ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ó lè jẹ́ pé ilé ẹni yẹn gan-an ni Ọlọ́run gbé ìdáhùn yín sí. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn. Bójú bá tilẹ̀ ń tì yín, ẹ ṣá lọ.