Ọwọ́ Mi Ni Rọ́bà Náà Kà, Kì í Ṣe Ọwọ́ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, mo kí yín. Arúgbó ni mí, Oǹdó ni mo ń gbé. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó pẹ́. Mo sọ ìdajì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara sì tù mí, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán.

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ mi, Bàbá Gbóyèga. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kú. Gbóyèga ọmọ wa, tó wà ní Àkúrẹ́, bá wa wá nọ́ọ̀sì kan, Fẹ́bíṣọ́lá, tó ń wá na ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Bùsáyọ̀, ọmọ Dẹ̀bọ́rà ọ̀rẹ́ mi, ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ó mú rọ́bà kan wá tí yóò fi mọ̀ bóyá ọwọ́ Bàbá ń sàn, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ó ní iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, àti pé bí a fà á gùn, iná náà kò ní dá. Ìgúnpá ni wọ́n ń wọ̀ ọ́ sí. Bí ìgúnpá bá ṣe ń ká tó ń nà, fóònù kékeré kan á máa kà á ránṣẹ́ sí Bùsáyọ̀ ní Àkúrẹ́.

Bàbá kọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Ṣé ọwọ́ mi ló kù tí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ níwèé?"

Mo bẹ̀ wọ́n títí. Ojú ń tì mí láti dá rọ́bà ọmọ Dẹ̀bọ́rà padà. Ni mo bá wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ ara mi. Mo fi ń lọ ata lórí ọlọ, mo fi ń gbálẹ̀.

Kò pẹ́, Bùsáyọ̀ pè pé ọwọ́ Bàbá ti ń jí. Ó sọ fún Gbóyèga. Gbóyèga dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kí Fẹ́bíṣọ́lá máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fẹ́bíṣọ́lá wò mí, ó ní òun kò rí ohun tí fóònù rí. Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo dákẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Bàbá kú. Mo ń rò ó pé èmi ni mo gé ẹ̀mí wọn kúrú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bùsáyọ̀ wá kí mi. Ó ní òun fẹ́ wọ rọ́bà náà fún àwọn aláìsàn ní Ìlárá-Mọ̀kín, ohun tí fóònù kà lọ́wọ́ Bàbá ni òun yóò fi ṣe òṣùwọ̀n tiwọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo jẹ́wọ́.

Ó wo ìgúnpá mi. "Màmá, ẹnu ń yà mí tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ yẹn yá jù."

Ó pa gbogbo ohun tí fóònù kà rẹ́ lójú mi. Ó pe Fẹ́bíṣọ́lá, ìyẹn ní ọkàn Bàbá ló dáṣẹ́ sílẹ̀, pé ọwọ́ nínà kò lè dá a dúró. Lọ́jọ́ náà ni mo jẹ oúnjẹ tán nínú àwo, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ìsìnkú.

Gbóyèga ló kù. Ohun tó fi ń tu ara rẹ̀ nínú ni pé, "Ọwọ́ Daddy ṣáà jí kí wọ́n tó lọ." Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Bí mo bá sọ fún un, mo ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí n kò bá sọ, irọ́ mi ló ń tù ú nínú.

Ẹ̀yin tó ti sin bàbá yín, ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ ì bá fẹ́ kí ìyá yín ṣe?