Ìbéèrè Tí Ọ̀gá Wa Lọ Kọ́ Nílẹ̀ Àjèjì

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ìyàwó ọ̀gá, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n nu ojú mi ná. Ó tán. Ẹkún tó bá ṣẹ́ kù, ó di ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Olórí-Kunkun níléeṣẹ́ ìròyìn wa. Ọ̀gá tó sùn síwájú wa yìí ló sọ mí lórúkọ náà, èmi náà sì sọ wọ́n ní Ẹ-Jẹ́-Ká-Wò-Ó. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Tó o bá bi wọ́n pé kí la máa ṣe lọ́la, wọ́n á ní, 'Ẹ jẹ́ ká wò ó.' Tó o bá ní kí wọ́n fọwọ́ sí i, 'Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.' Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè!

Mo ní ohun kan láti sọ, mi ò sì ní fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Lọ́jọ́ kejì tí ọ̀gá wa dákẹ́, lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ olùdarí wa. Ó ní iṣẹ́ tí àwa méjèèjì ń ṣe nílẹ̀ òkèèrè, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn akọ̀ròyìn ìlú náà, kó dúró síbẹ̀. Ìdajì la tíì ṣe o, ẹ̀ẹ̀kan péré la tíì lọ nínú ẹ̀ẹ̀mejì! Olùdarí, mo rí yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ má bínú, níwájú ọ̀gá wa ni màá ti dá yín lóhùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, a dé ìlú kan tí a ò gbọ́ èdè wọn. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe ni wọ́n fún wa, òórùn gọ́ọ̀mù ń gba ojú fèrèsé wọlé. Akọ̀ròyìn mọ́kànlá jókòó, ògbufọ̀ dúró láàárín. Èmi ti lẹ ìwé ètò mọ́ ògiri: ọ̀sẹ̀ méjì, wákàtí-wákàtí, àwọ̀ mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀gá wa dìde. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ rèé: tẹ́nì kan bá gbé ìròyìn wá, ẹ bi í pé, 'Ta ló sọ fún ẹ?' Ògbufọ̀ tú u. Bàbá kan tó ń kọ ìròyìn ilé ẹjọ́ pa ìwé rẹ̀ dé. Ọkùnrin méjì gbé báàgì wọn, wọ́n jáde. Èmi àti ọ̀gá ń wo ara wa bí ẹni tó ṣi ilé wọ̀.

Ògbufọ̀ ló yọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ fún wa. Ìbéèrè tí ọlọ́pàá ìlú wọn máa ń bi akọ̀ròyìn nìyẹn, tí wọ́n bá wá gbé e. Ẹni tó bá dáhùn, ó ti fi ẹlòmíràn lé wọn lọ́wọ́.

Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, ká bọ́ sí ẹ̀kọ́ kejì. Ó wà nínú ètò.'

Wọ́n ní, 'Àbúrò mi, ṣé ètò la wá kọ́ ni àbí èèyàn?'

'Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tẹ̀ ẹ́, sà!'

'Ó dáa. Kò ní ṣòfò.'

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n já ìwé ètò mi lára ògiri, wọ́n ká a sí mẹ́rin, wọ́n fi há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì! Tábìlì dúró dáadáa. Inú bí mi débi pé mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Wọ́n wá kọjú sí kíláàsì. 'Ẹ forí jì mí, èmi ni mo ṣì í. Báwo lẹ̀yin ṣe máa ń béèrè?' Ìyá kan tó ti ń ka ìròyìn lórí rédíò láti ọdún mọ́kàndínlógún ló dáhùn. Ó ní, 'Àwa máa ń béèrè pé, níbo lo dúró sí nígbà tó ṣẹlẹ̀?'

Ọ̀gá wa fò sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbéèrè yẹn kò wá orúkọ ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ẹni tí kò débẹ̀ kò ní rí ibi kankan sọ. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Láti ọjọ́ yẹn, àwọn akọ̀ròyìn náà ló ń sọ ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ láàárọ̀, àwa á sì to ẹ̀kọ́ ọ̀sán lé e lórí. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn méjì tó bínú jáde padà wá jókòó.

Ẹ má rò pé ọ̀gá wa rọ̀ lórí gbogbo nǹkan o. Ìyàwó ọ̀gá, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Àga wọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé ńkọ́? Ogún ọdún, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sún un! Bẹ́ẹ̀ náà ni ìròyìn tí a ò tíì yẹ̀ wò dáadáa. Bẹ̀ wọ́n, wólẹ̀, kò ní jáde. Èmi fúnra mi sunkún lórí ìròyìn kan tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Olùdarí, ẹ ní kò sẹ́ni tó lè rọ́pò wọn. Òótọ́ ni. Ẹ tún ní tẹ́nì kan bá máa lọ rárá, àfi kó mú ìwé ètò tí iléeṣẹ́ ń lò fún gbogbo orílẹ̀-èdè, kó má yà sọ́tùn-ún, kó má yà sósì. Èmi tí mo fẹ́ràn ètò ju oúnjẹ lọ ló ń sọ fún yín: mi ò ní mú un lọ. Ẹ fọwọ́ sí i, ẹ má fọwọ́ sí i, físà mi ti jáde.

Ìdí ni pé ìyá tó ń ka ìròyìn yẹn pè mí lórí fóònù lánàá, ògbufọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bá mi kẹ́dùn, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló ní, 'Ẹ bá wa sọ fún bàbá, ọ̀gá yín, pé a ò jókòó lásán. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ń pàdé ní yàrá yẹn látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ. A ti di mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀kọ́ tí bàbá kọ́ wa kò wọ àwọn tuntun náà létí bó ṣe yẹ, la bá yí i padà fún wọn. Ṣé inú bàbá ò ní bà jẹ́?'

Mo ní màá jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ọ̀gá mi, ẹ gbọ́, mo ti jẹ́ iṣẹ́ wọn fún yín. Ọ̀nà á là fún yín. Ẹ máa lọ pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn, ẹ má wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ Ajé, èmi náà á gbéra. Ẹ̀yìn kíláàsì ni mo fẹ́ lọ jókòó sí, kí wọ́n kọ́ mi.